Pápá Ilé-Ìwé àti Ọkàn Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti rò pé ọ̀rọ̀ ìbò tàbí ọ̀rọ̀ owó kòkó ni a ó sọ. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò ní í ṣàì tún dé. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọkàn àwọn ọmọ wa ni a gbé wá. Kì í ṣe ọkàn tí àwọn oníwàásù ń ní kí a fi fún Ọlọ́run, bí kò ṣe ẹran pupa tí ń lù nínú igbá-àyà ọmọ, tí kì í sinmi láti inú oyún títí di ọjọ́ ikú.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, pápá ilé-ìwé ti di ohun tí àwọn kan ń fojú ṣọ́. Ẹnìkan a mú okùn ìwọnlẹ̀ wá, a ní àyè náà ti pọ̀ jù fún eré ọmọdé, a ní bí a bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i, owó yóò máa wọlé fún ìlú. Àwọn ilé-ìwé aládàáni mìíràn sì wà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan láìní pápá rárá, tí ọmọ kò rí ibi na ẹsẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. A kò sọ pé owó kò dára. Ohun tí a ń sọ ni pé, kí ẹnikẹ́ni tó nàwọ́ sókè ní ìpàdé ìlú pé kí a ta pápá, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó fẹ́ tà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkàn fúnra rẹ̀. Kò tóbi ju ìkúùkù ọmọ tí ó ni ín lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Dókítà William Harvey, ará Ìlú Ọba, ni ó fi hàn nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1628 pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ọkàn ń tì jáde, tí ó sì tún ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá, a gba afẹ́fẹ́ tí a mí sínú níbẹ̀, a padà sí ọkàn, ọkàn a sì tì í lọ sí ọpọlọ, sí ọwọ́, sí ẹsẹ̀, títí dé ọmọ-ìka. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ lè lù ní nǹkan bí ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ó ju 115,000 lọ ní ọ̀sán kan àti òru kan. Bí ọmọ náà bá sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ìlù ọkàn náà lè tó 200 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹran ara ni ọkàn. Bí apá àgbẹ̀ ṣe ń le nítorí ọkọ́ tí ó ń gbé sókè lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn ń le nítorí iṣẹ́ tí a fi fún un. Ọmọ tí ń sáré, tí ń fò, tí ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí ń wẹ̀ lódò léraléra, yàrá inú ọkàn rẹ̀ a gbòòrò díẹ̀, ògiri rẹ̀ a lágbára, ìlù kan ṣoṣo a sì máa ti ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ jáde. Nítorí náà kò ní í kánjú mọ́ nígbà tí ọmọ bá wà ní ìsinmi. Bí ìlù 80 bá di 70, ìlù 14,400 ni ọkàn náà kò ní lù mọ́ ní ọjọ́ kan. A gbọ́dọ̀ sọ pé ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ ń mú ìlù ọkàn ọmọ rọlẹ̀ bí ó ti ń dàgbà, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi gbogbo ọpẹ́ fún bọ́ọ̀lù nìkan.

Èrè náà kò mọ sí inú ọkàn. Àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá a máa rọ̀, wọn a máa fẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí wọ́n fẹ̀, bí rọ́bà tuntun tí kò tíì gan. Iṣan tí ó gan ni ẹ̀jẹ̀ ń fi agbára gbá, ibẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń rí ọ̀nà. Ẹran ẹsẹ̀ àti itan ọmọ tí ń sáré a máa lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dáradára, èyí tí ó jẹ́ odi kan lòdì sí àtọ̀gbẹ. Ọ̀rá tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ pín sí oríṣi: èyí tí ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan wà, èyí tí ń bá wa kó o kúrò náà sì wà, ìdárayá a máa ran èyí tí ń kó o kúrò lọ́wọ́. Egungun a máa le sí i. Oorun a sì máa dùn, èyí tí ìyá ọmọ kò ní ṣàì mọ̀.

Ṣùgbọ́n a kò ní bù mọ́ ọn. Ìdárayá kì í sọ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án di ẹṣin. Àwọn tí wọ́n ń wọn agbára tí ara ọmọ fi ń lo afẹ́fẹ́ ti rí i pé, kí ọmọ tó bàlágà, ìdánrawò tí a ṣe déédéé fún oṣù mélòó kan kì í sábà fi ju nǹkan bí 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára náà. Ẹni tí ó bá ṣèlérí ohun tí ó ju èyí lọ fún yín, ọjà ni ó ń tà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ọmọ náà má ṣe máa pàdánù agbára tí a bí mọ́ ọn.

Ẹnìkan lè dìde nísinsìnyí kí ó wí pé, "Akọ̀wé, àìsàn àgbà ni àìsàn ọkàn. Kí ni ó kan ọmọdé níbẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Ní ọdún 1953, àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn kan jáde nípa òkú 300 ọmọ-ogun wọn tí ogun Kòríà pa. Àwọn ọmọkùnrin tí ara wọn dá ṣáṣá ni wọ́n, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn sì jẹ́ ọdún 22. Nígbà tí wọ́n yẹ ọkàn wọn wò, wọ́n rí i pé àwọn 77 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti ní àmì àìsàn nínú àwọn iṣan tí ń bọ́ ọkàn. Ọmọ ọdún 22! Ìgbà wo ni ó ti bẹ̀rẹ̀? Láti ọdún 1972 ni Dókítà Gerald Berenson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ọ̀ràn náà ní ìlú Bogalusa, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, láàárín àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun. Wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n ń wọn ara wọn, wọ́n sì ń tẹ̀lé wọn bí wọ́n ti ń dàgbà. Ohun tí wọ́n rí ni pé láti ìgbà ọmọdé ni àìsàn ọkàn àgbàlagbà ti ń ta gbòǹgbò. Àwa tí a máa ń sọ pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò kò yẹ kí ìròyìn yìí yà lẹ́nu.

Ní ọdún 1953 kan náà ni Dókítà Jeremy Morris tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde ní ìlú London. Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì ni. Ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ìlú náà ní àjà méjì. Awakọ̀ a jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ a máa gun àtẹ̀gùn, a sì tún máa sọ̀ kalẹ̀, kí ó lè gba owó lọ́wọ́ èrò òkè àti èrò ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ kan náà, ilé-iṣẹ́ kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà. Síbẹ̀ àìsàn ọkàn mú awakọ̀ ju kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, ikú tí ó tètè tẹ̀lé àìsàn náà sì pọ̀ jù láàárín àwọn awakọ̀. Morris kò dákẹ́ síbẹ̀. Ní ọdún 1956, ó lọ wo ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò tí ilé-iṣẹ́ ń rán fún wọn, ó sì rí i pé àwọn awakọ̀ ti sanra ju kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ láti ìgbà tí wọ́n ti gbà wọ́n sí iṣẹ́. Ìyẹn ni pé ìjókòó nìkan kọ́ ni ó fa gbogbo rẹ̀. Irú olùwádìí bẹ́ẹ̀ ni a lè fọkàn tán, ẹni tí ń wá ohun tí ó lè ta ko ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tí ó tẹ̀lé tirẹ̀ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ń lo ara rẹ̀ ń ṣe ọkàn rẹ̀ lóore.

Wàyí o, a ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná. Bí a bá bi àwọn ọ̀gá ilé-ìwé léèrè bóyá àwọn ọmọ ń ṣe eré ìdárayá, wọn a ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń ṣe é lọ́dọọdún." A mọ ọjọ́ náà dáadáa. Ilé pupa, ilé aláwọ̀ ewé àti ilé aláwọ̀ ojú ọ̀run a tò. Ìlù a máa dún. A gbé alága gíga jókòó. Àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn yá a sáré, àwọn ọgọ́rùn-ún mẹ́ta tí ó kù a jókòó sínú oòrùn láti pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ó dára fún ayẹyẹ. Fún ọkàn àwọn ọgọ́rùn-ún mẹ́ta náà, kò sí ohun tí ó ṣe. Èwo nínú ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó ni yóò bu omi gárawá mẹ́wàá sí ẹsẹ̀ irúgbìn kékeré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀gbẹlẹ̀, tí yóò wá lọ sùn títí òjò yóò fi dé?

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀ràn ilé-ìwé kan wá, nítorí ó sún mọ́ ohun tí apá àwa náà ká. Ní ìlú Stirling, ní ilẹ̀ Scotland, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà tí à ń pè ní St Ninian's. Ní ọdún 2012, obìnrin tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà, Elaine Wyllie, ṣàkíyèsí pé bí àwọn ọmọ bá sáré díẹ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ohun tí ó ṣe kò la owó lọ. Ó ní kí àwọn ọmọ máa jáde lójoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n máa sá yí pápá ká. Ẹni tí ó bá rẹ̀ a rìn díẹ̀. Bí ó bá ti mí kanlẹ̀, a tún sá. Aṣọ ilé-ìwé tí ó wà lọ́rùn wọn ni wọ́n ń wọ̀ sá a. Kò sí ipò kìíní, kò sí ipò ìkẹyìn, kò sí ife-ẹ̀yẹ. Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn lè dé nǹkan bí máìlì kan láàárín àkókò náà, orúkọ tí a sọ ọ́ ni Máìlì Ojoojúmọ́, ó sì ti tàn kálẹ̀ dé ilẹ̀ púpọ̀.

Àwọn olùwádìí lọ wò ó bóyá òótọ́ ni. Wọ́n mú ilé-ìwé méjì ní agbègbè Stirling, ọ̀kan tí ń sá máìlì náà àti ọ̀kan tí kì í sá a, wọ́n sì wọn àwọn ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ìròyìn wọn jáde ní ọdún 2018. Ìdánwò tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n ni ti ìsálọ-sábọ̀ mítà 20, tí Luc Léger ti ìlú Montreal gbé jáde ní ọdún 1982: ọmọ a máa sá lọ sá bọ̀ láàárín ilà méjì, fèrè a máa yára sí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, títí ọmọ kò fi ní lè bá a mọ́. Àwọn ọmọ tí ń sá lójoojúmọ́ fi nǹkan bí mítà 39 tayọ èyí tí ìbá jẹ́ tiwọn bí wọ́n bá rí bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Àkókò tí wọ́n fi ń lo ara gidi fi bí ìṣẹ́jú 9 pọ̀ sí i lójúmọ́, àkókò ìjókòó wọn fi bí ìṣẹ́jú 18 dín kù, ọ̀rá abẹ́ awọ wọn náà sì dín. Lóòótọ́, mítà 39 kò tó ìdajì pápá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a fi rà á: ìṣẹ́jú 15 àti ilẹ̀ tí ó tẹ́jú.

Ní ilẹ̀ Switzerland, wọ́n fi ẹ̀kọ́ ìdárayá méjì kún mẹ́ta tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ń ṣe lọ́sẹ̀, tí ó fi di ojoojúmọ́, fún odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ìròyìn tí ó jáde ní ọdún 2010 fi hàn pé agbára wọn pọ̀ sí i, ọ̀rá ara wọn dín, ohun tí ó lè ba ọkàn wọn jẹ́ sì dín pẹ̀lú. Nígbà tí a padà lọ wò wọ́n ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ètò náà ti parí, díẹ̀ nínú agbára eré sísá náà ṣì wà, ṣùgbọ́n èrè ti ọ̀rá ti lọ. Ara ọmọ kì í tọ́jú èrè pamọ́ bí ẹni tí ó fi owó sí báǹkì. Bí ọmọ bá fi ìdárayá sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkàn rẹ̀ a ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ipò àná. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ojoojúmọ́.

Mélòó ni ó tó? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2020 pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán, bí a bá pín in dọ́gba láàárín ọ̀sẹ̀. Kí ó sì máa ṣe èyí tí ó le gan-an, àti èyí tí ń mú ẹran ara àti egungun lágbára, ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Kò pọn dandan kí ó ṣe ìṣẹ́jú 60 náà lẹ́ẹ̀kan. Ìrìn kánkán lọ sí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó nǹkan, ẹ fetí sí ọmọ náà: bí ó bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ó ń ṣe é, bí kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ kí ó tó mí, èyí tí ó le ni ó ń ṣe yẹn.

Ìwádìí kan tí ó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, tí ó kó ìṣirò orílẹ̀-èdè 146 jọ títí di ọdún 2016, fi hàn pé 81 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ilé-ìwé ọdún 11 sí 17 kò dé ìwọ̀n ìṣẹ́jú 60 náà. Ti àwọn ọkùnrin jẹ́ 78. Ti àwọn obìnrin jẹ́ 85.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ti àwọn obìnrin, ẹ̀yin ìyá wa. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ wa kì í jókòó. A máa fo okùn, a máa ṣe ten-ten, a máa ta suwé. Ẹni tí ó bá ti ṣe ten-ten fún ìdajì wákàtí mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tó ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá, a ó ní ó ti dàgbà, eré kò yẹ ẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin a lọ gbá bọ́ọ̀lù, òun a lọ sí ìdí ààrò. Ọkàn obìnrin kò yàtọ̀ sí ti ọkùnrin nínú ohun tí ó ń fẹ́. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ni ó sá eré orí igi fífò mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní ìlú Eugene, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje ọdún 2022, tí kò sì sí obìnrin kan ní gbogbo ayé tí ó tíì sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà. A kò sọ pé gbogbo ọmọ yín ni yóò dà bí rẹ̀. A kàn fẹ́ kí ẹ rántí rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pe ọmọbìnrin yín kúrò ní pápá.

Àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tiwọn. A ti ń gbọ́ ọ: "Ọmọ tí ń bá mi roko, kí ni ó tún fẹ́ fi eré sísá ṣe?" Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó rìn kánkán lọ sí oko ní máìlì méjì, tí ó sì rìn bọ̀, ti fún ọkàn rẹ̀ ní iṣẹ́, kò sì sí dókítà tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ọmọ mélòó ni ó ṣì ń rìn lọ? Ọ̀kadà ni ó ń gbé púpọ̀ nínú wọn lọ sí ilé-ìwé, ọ̀kadà náà ni ó ń gbé wọn lọ sí oko ní ọjọ́ Sátidé. Bí wọ́n bá délé, wọn a tẹjú mọ́ fóònù. Lọ́nà kejì, ẹrù tí ó wúwo ju ọrùn ọmọ lọ kì í ṣe ìdárayá, ìpalára ni. Ìdárayá ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bí agbára ọmọ ti ń pọ̀ sí i, ọmọ a sì máa fẹ́ láti padà sí i lọ́la. A kò tíì rí ọmọ tí ó sunkún nítorí pé wọn kò jẹ́ kí ó ru igi.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tún wà. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri. Ibà a máa fọ́ ọ. Aràn kan wà pẹ̀lú tí ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé láti inú ilẹ̀ tí a yàgbẹ́ sí, tí í lọ lẹ̀ mọ́ ìfun láti máa mu ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti fúyẹ́, ọkàn rẹ̀ a máa sáré láìsí eré tí ó ń sá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ má sì jẹ́ kí olùkọ́ nà án. Oògùn ibà, oògùn aràn, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja ni ó kọ́kọ́ ń fẹ́, lẹ́yìn náà eré. Àwọn kan a máa wí pé àwọn kò lówó bàtà ìdárayá. Ní ọdún 1949, nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà lọ sí Ìlú Ọba, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Bàtà kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n nítorí aràn tí a sọ yìí, pápá mímọ́ àti ilé ìyàgbẹ́ tí ó dára pọn dandan.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú. Ọmọ tí ó bá dákú níbi tí ó ti ń sáré, tí àyà ń dùn nígbà eré, tàbí tí èémí rẹ̀ ń gé ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ó tó tún sáré. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọ̀dọ́ kan bá ti kú ikú òjijì nínú ìdílé. Ọ̀nà ọ̀fun tí ń dun ọmọ, tí ó mú ibà lọ́wọ́, kò yẹ ní fífojú tín-ín-rín. Kòkòrò kan wà nínú irú rẹ̀ tí, bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè ba àwọn ìlẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́ títí ayé, bẹ́ẹ̀ oògùn penisilíìnì tí kò wọ́n ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ tí wọ́n ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ má tì wọ́n mọ́lé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré níwọ̀n, kí wọ́n máa mu omi dáadáa, kí wọ́n sinmi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sinmi, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ìdíje tì wọ́n dé ibi ìrẹ̀wẹ̀sì.

Ohun kan wà tí olúkúlùkù lè ṣe nílé. Kí ọmọ tó dìde lórí ẹní láàárọ̀, ẹ fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níhà àtàǹpàkò, ẹ wo aago, ẹ ka iye ìgbà tí iṣan náà sọ láàárín ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún kà á lẹ́yìn eré, kí ẹ sì wo bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó rọlẹ̀. Bí ọmọ bá ń ṣe ìdárayá déédéé, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ẹ ó rí i pé ó ń yára rọlẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa kọ ọ́. Ìṣirò rere ni.

Ní ti ilé-ìwé, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ fún gbogbo ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú omi mímu nítòsí. Kí a má ṣe fi àkókò náà ṣe lẹ́sìnnì nítorí ìdánwò ń bọ̀. Kí àwọn olùkọ́ sì jáwọ́ nínú fífi sísá yí pápá ká jẹ ọmọ níyà, nítorí ohun tí a bá fi jẹ ọmọ níyà, kò ní fẹ́ràn rẹ̀ mọ́.

Ó wá ku ilẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé ni ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-ìwé, tí àwọn ènìyàn sì fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó fi í sílẹ̀ ti kú. Ìwé ilẹ̀ mìíràn wà lọ́wọ́ ìjọ, òmíràn wà ní ààfin, òmíràn kò tilẹ̀ sí. Ẹ wá èyí tí ó wà rí, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Ibi tí kò bá sí ìwé, ẹ pe àwọn àgbà tí wọ́n mọ ààlà kí wọ́n rìn ín pẹ̀lú yín, kí ẹ sì gbin pèrègún yí i ká. Ẹ̀yin àgbẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò kọ́ yín bí a ti ń fi pèrègún pa ààlà. Bí òjò bá ti rọ̀ ni kí ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ yóò ṣáájú òjò, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò sì kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ fúnra yín. Ẹ má ṣe rán ọmọdé lọ jókòó dípò yín.